Ọ̀rọ̀ tó yẹ fún Wíwọn Ipa Ètò Ìgbanisíṣẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ NDE sílẹ̀ ní 1986 ni a ti ń ka ìròyìn nípa iye ọ̀dọ́ tí ètò ìgbanisíṣẹ́ kan tàbí òmíràn kọ́ níṣẹ́. Ó rọrùn fún àwa onítumọ̀ láti pe iye yìí ní "ipa" ètò. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ká ní ọ̀dọ́ 100 ní Bódìjà kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lábẹ́ ètò kan, tí 60 nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ṣé 60 ni ipa ètò náà? Rárá o. Bí 100 mìíràn tó jọ wọ́n bá wà tí kò rí àyè níbẹ̀, tí 55 nínú wọn sì ríṣẹ́, a jẹ́ pé márùn-ún péré ni ètò náà fi kún un. Èdè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ohun tí yóò fi sọ èyí: "ì bá" ni. Àwọn 55 ì bá ríṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí ètò. Mo dábàá "ìṣẹ̀lẹ̀ ì-bá" fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí a fi ń díwọ̀n. Kí "ipa" sì jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Àwọn tí kò rí àyè ńkọ́? Bí a bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì láìwẹ̀yìn, "ẹgbẹ́ ìdarí" ni a ó pè wọ́n. Òǹkàwé yóò sì rò pé àwọn ni ọ̀gá ètò! "Ẹgbẹ́ ìfiwéra" ló tọ́.

Bí a ṣe ń pín àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ méjèèjì ló le jù. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá ló sábà ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Irú rẹ̀ ì bá ríṣẹ́ bó ti wù kó rí. Nínú ètò YouWiN, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láti fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò lówó ìrànwọ́, lẹ́yìn tí wọ́n yan àwọn tó ta yọ, wọ́n fi orí-ire mú 729 nínú 1,841 mìíràn. David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé tọpa wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, àwọn tí iléeṣẹ́ wọn ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ohun tó lé ní 20 ju ti ẹgbẹ́ ìfiwéra lọ.

Kí ni kí a pe irú yíyàn bẹ́ẹ̀? "Ìṣàkúṣà" ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n ti aláìbìkítà nìyẹn. "Ìbò" dára, òun ni babaláwo fi ń bi Ifá léèrè, àmọ́ òṣèlú ti gbà á lọ́wọ́ wa. "Gègé ṣíṣẹ́" ni mo fara mọ́. Ẹni tí gègé kò mú mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọ̀dọ́ kan ní Dùgbẹ̀ pé ìṣàkúṣà ni a fi gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a kò gba òun, ẹjọ́ ni yóò bá dé ọ́fíìsì wa.