Bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré nílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń fi ojú méjèèjì wá olùkọ́ kọ̀ǹpútà

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti padà sí kíláàsì, ìpolówó iṣẹ́ a máa jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Olùkọ́ kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá, ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Lójú ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kò yẹ kí èyí le rárá: iṣẹ́ wà, owó oṣù wà, iléèwé náà sì lórúkọ. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2010 ni irú àyè bẹ́ẹ̀ ti di ohun tó ṣòro láti rí ènìyàn fi sí. Àwọn kan yóò wá ènìyàn títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí, àga náà yóò sì ṣófo síbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kó mọ irú iléèwé tí à ń sọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní liberal arts kì í ṣe yunifásítì ńlá. Williams ní Massachusetts, Swarthmore ní Pennsylvania, Grinnell ní Iowa àti Pomona ní California wà lára wọn. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jìnnà sí 2,000, oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n sì gbájú mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ yóò tún kọ́ nípa ìtàn, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń dúró níwájú kíláàsì, tó sì ń mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ti rò nígbà kan rí pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò bá irú iléèwé bẹ́ẹ̀ mu, pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Ní ọdún 1984 ni àwọn olùkọ́ kan kó ara wọn jọ láti tako èrò yìí. Nígbà tó di ọdún 1986, Norman Gibbs àti Allen Tucker tẹ ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣètò jáde. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti fìdí múlẹ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí yàtọ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà pọ̀ ju àwọn tó lè kọ́ wọn lọ. Ìwádìí tí National Academies gbé jáde ní ìparí ọdún 2017 fi hàn pé láàrin ọdún 2009 sí 2015, oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn iléèwé tí kì í ṣe ti èrè fi ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lápapọ̀ kò ju ìdá 16 lọ. Àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí 2,000 lọ́dún kan nígbà náà, èyí tó ju ìdajì lára wọn lọ ló ń gba ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ. Kódà àwọn yunifásítì ńlá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, nǹkan bí 40 òṣìṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ Uber kó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ibùdó ìwádìí rọ́bọ́ọ̀tì ti yunifásítì Carnegie Mellon.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún àwọn ńlá, ti kékeré á ṣe jẹ́? Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kò lè bá Google du ènìyàn lórí owó. Kò ní akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí yóò bá olùkọ́ ṣe ìwádìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ oyè àkọ́kọ́ ni yóò fi ṣe é. Ìlú kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn wà, níbi tí ìyàwó tàbí ọkọ olùkọ́ lè má rí iṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ kí ó máa kọ́ kọ́ọ̀sì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́dún, kí ó máa ṣe ìwádìí, kí ó sì tún jókòó nínú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni wọn yóò tó pinnu bóyá yóò rí tenure gbà, èyíinì ni ìdánilójú pé iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí apá méjèèjì rẹ̀ le bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀run.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan olùkọ́ pàápàá gba àkókò. Ẹni tó ń wáṣẹ́ yóò kọ lẹ́tà, yóò sọ bó ṣe ń kọ́ni àti ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí, àwọn mẹ́ta yóò sì kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Wọn yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tàbí fídíò. Àwọn bíi mẹ́ta tó bá yege ni wọn yóò pè wá sí ọgbà iléèwé. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ kíláàsì gidi lójú àwọn olùkọ́, yóò sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí rẹ̀ lọ́nà tí ọmọ ọdún 19 yóò fi lóye rẹ̀, yóò sì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹun. Èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí wúwo púpọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ìwádìí lè pàdánù ibẹ̀ bó bá kọ́ni bí ẹni tí ara ń ni. Àmọ́ bí wọ́n ti ń fara balẹ̀ wádìí báyìí, ilé-iṣẹ́ aládàáni lè ti fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ní iṣẹ́ kí wọ́n tó pinnu.

Ta ni yóò jìyà rẹ̀ bí àga náà bá ṣófo? Kíláàsì yóò kún, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kù. Ìwádìí National Academies náà kìlọ̀ pé irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣàkóbá fún àwọn obìnrin àti àwọn ẹ̀yà tí wọn kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, títí kan àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ra kọ̀ǹpútà fún láti kékeré yóò rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni yóò dúró síta.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Harvey Mudd ní California fi hàn pé olùkọ́ lè yí nǹkan padà. Ní ọdún 2006 tí Maria Klawe di ààrẹ ibẹ̀, obìnrin kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn olùkọ́ ya àwọn tí kò tíì mọ nǹkan kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n fi èdè Python rọ́pò Java nínú kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, wọ́n sì ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ sí àpérò àwọn obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Láàrin ọdún díẹ̀, iye náà ti gòkè dé nǹkan bí ìdá 40. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti olùkọ́ tí wọ́n gbà fún sáà kan péré, tó sì ti mọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Òótọ́ ni pé nǹkan ti ń yí. Meta lé 11,000 òṣìṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Google kéde 12,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, iye akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní àwọn iléèwé kan. Èyí lè mú kí àwọn alákòóso sọ pé kí wọ́n dúró ná. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àárín ọdún 1980 àti lẹ́yìn ọdún 2000. Akẹ́kọ̀ọ́ dín kù, wọ́n sì padà dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iléèwé tí kò gba olùkọ́ nígbà tí ọwọ́ dẹ̀ yóò tún máa sáré nígbà tí èrò bá dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde ní yunifásítì nílé ló ti lọ ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé l'Amẹ́ríkà. Físà H-1B ni ilẹ̀kùn tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń gbà fún àlejò tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump gbé 100,000 dọ́là lé ìwé ìbéèrè tuntun fún físà náà. Àlàyé tí ìjọba ṣe ní oṣù kẹwàá sọ pé kò kan àwọn tó ti wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kàn fẹ́ yí ipò físà wọn padà. Síbẹ̀, fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó fẹ́ mú ènìyàn wá láti òkèèrè, irú owó bẹ́ẹ̀ tó láti ti ilẹ̀kùn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò lówó lè sọ òtítọ́ nípa iye kọ́ọ̀sì àti owó oṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ má fi àkókò ṣòfò. Ó lè dín kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ kù, kí ó bá ọkọ tàbí ìyàwó wá iṣẹ́, kí ó sì yára pinnu. Ó lè fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́, tó sì mọ bí a ti ń kọ́ni, ní ipò tó ní ọ̀wọ̀ àti ọjọ́ pípẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó jáwọ́ nínú fífi òṣùwọ̀n yunifásítì ńlá wọn ènìyàn. Olùkọ́ tó fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń wá. Owó oṣù nìkan kọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò, ṣùgbọ́n kò ní dúró de ẹni tó ń lọ́ra.