Kí Ẹnjiníà Tó Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yín

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, ohun tí ẹnjiníà sábà máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Yóò fi Windows tuntun sí i, ẹ̀rọ á sì tún máa sáré. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìkómọ dà? Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ ń kọ lọ́wọ́ ní yunifásítì dà? Àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà ìyá aláṣọ ńkọ́? Wọ́n ti lọ nìyẹn. N ò dá ẹnjiníà lẹ́bi. Àwa tá a ni ẹ̀rọ ló yẹ ká ti múra sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Windows fúnra rẹ̀ ti ń bá wọn tọ́jú ohun gbogbo. Lóòótọ́, System Restore wà níbẹ̀, ó sì wúlò bí ohun tuntun tí ẹ kó sínú ẹ̀rọ bá dà á rú. Àmọ́ kì í dá fọ́tò tàbí lẹ́tà tó sọnù padà, inú hard disk kan náà ló sì ń kó ìpamọ́ tirẹ̀ sí. Bí hard disk bá kú, wọ́n jọ kú ni. Ẹ tiẹ̀ lè lo Reset this PC kí ẹ sì yan Keep my files: fáìlì yín á kù, ṣùgbọ́n gbogbo ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín kó sí i á pa rẹ́.

Ẹ ra hard disk tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ ẹ̀rọ. Nínú Control Panel, ẹ wá Backup and Restore. Ẹ ó rí Windows 7 lẹ́yìn orúkọ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kó dà yín láàmú. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 àti 11. Ẹ tẹ Create a system image, kó da odindi ẹ̀rọ kọ síbẹ̀, nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì le. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe recovery drive sórí flash tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, torí yóò pa ohun tó bá bá níbẹ̀ rẹ́. Flash yìí lẹ ó fi ṣí ẹ̀rọ tó bá kọ̀.

Ṣé ẹ̀dà nìkan wá tó? Lọ́dún 1998, nílé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pa fíìmù Toy Story 2 tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀dà nípamọ́ o! Àfi ìgbà tí wọ́n lọ gbé e ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti ń kùnà, tí ẹnikẹ́ni ò fura. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, tó ti bímọ, tó sì ń ṣiṣẹ́ látilé, ló ní ẹ̀dà mìíràn lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ìyẹn ló yọ wọ́n.

Torí náà, ẹ dán tiyín wò. Ẹ fi flash náà ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó bóyá yóò rí system image yẹn lórí hard disk. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti ohun inú ẹ̀rọ pa, bá wà lórí ẹ̀rọ, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹ ti kọ ọ́ sórí ìwé ṣáájú. Bó bá ti rí ẹ̀dà náà, ẹ tẹ Cancel, ẹ yọ okùn, kí ẹ sì gbé hard disk náà síbòmíràn. Èyí tó bá wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bíi WannaCry ti ọdún 2017 bá wọlé, fáírọ́ọ̀sì náà lè tì í pa pẹ̀lú ìyókù.