MÁÀPÙ Ọ̀NÀ FÚN AWAKỌ̀ AKẸ́RÙ ÒKÈ-ÒGÙN: TA NI YÓÒ YÀ Á?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà. Òótọ́ ni fún ẹlẹ́sẹ̀, òótọ́ ni fún ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó di iṣu kún ọkọ̀ akẹ́rù ní Ṣakí, tí ó fẹ́ já a ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ó wọjà, èyí tí ó lè gba ọkọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí ó lè gbà á nígbà òjò tún kéré sí i. Àgbà awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀dọ́ awakọ̀ ńkọ́? Àlejò tí ó ti Kánò wá ńkọ́? Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí máàpù kan wà tí yóò dá wọn lóhùn, àti pé àwa tí a wà ní yunifásítì ni iṣẹ́ náà kàn.

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wà ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kaṣú. Òkúta mábù sì ń ti Ìgbẹ́tì jáde. Odò Ògùn àti odò Òfìkì gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ odò kéékèèké. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, díẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké yìí a gbẹ, ọkọ̀ a sì gba inú wọn kọjá bí ẹni pé omi kò sí níbẹ̀ rí. Nígbà òjò, omi a kún, ilẹ̀ pupa a di ẹrẹ̀, táyà a sì rì. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wà kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá sùn sójú ọ̀nà, àgbẹ̀ pàdánù, awakọ̀ pàdánù, ẹni tí ń ra gàrí ní Èkó náà yóò sì san nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí máàpù ti wà." Ó wà lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ti ya ilẹ̀ yìí sórí ìwé. Ṣùgbọ́n máàpù tí a yà ṣáájú iṣẹ́ ìsédò Ìkẹ́rẹ́ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, kò lè fi adágún ibẹ̀ hàn wá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń tà ní gáréèjì.

Àwọn mìíràn yóò ní fóònù ti parí gbogbo rẹ̀. Google Maps ti wà láti 2005, mo sì gbà pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń tọ́ mọ́tò kékeré sọ́nà ni ó ń ṣe. Kò béèrè pé tọ́ọ̀nù mélòó ni o gbé. Kò sọ fún ọ pé afárá iwájú ti sán. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Rand McNally ń tẹ ìwé máàpù kan jáde fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù nìkan: ọ̀nà tí a fàyè gba ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀, afárá tí ó rẹlẹ̀ jù fún ọkọ̀ gíga náà wà níbẹ̀. Ní tiwa, afárá tí kò lágbára àti odò tí ń kún ni ó yẹ kí a fi hàn.

Ẹlòmíràn yóò pa á lówe pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ta ni a bi? Bí a bá bi ọlọ́kadà, ọ̀nà ọ̀kadà ni yóò júwe. Kò purọ́, èyí tí ó mọ̀ ni ó sọ.

Kí ni a wá ń dúró dè? Ilé-ẹ̀kọ́ Ìwọnlẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1908, wà ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iléeṣẹ́ RECTAS tí à ń pè ní AFRIGIST nísinsìnyí ti ń kọ́ni ní yíya máàpù láti 1972. OpenStreetMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ ọ̀nà, orúkọ ìlú àti agbára afárá sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A fún wa níṣu, a tún fún wa lọ́bẹ.

Iṣẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Lórí máàpù àtijọ́, "Shaki", "Kishi" àti "Shepeteri" ni à ń rí. Bí máàpù bá kọ Òkè-Ihò, tí awakọ̀ ń wá Òkèhò, yóò rò pé ìlú méjì ni. Ta ni yóò tún un kọ bí kò ṣe àwa?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní awakọ̀ wa kò lè ka máàpù, kí ó rántí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Lọ́jọ́ náà ni gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tí ó kàwé kọ́ ọ, ẹni tí kò kàwé náà kọ́ ọ. Ìlà pupa fún afárá tí kò lágbára, ìlà búlúù fún odò tí ń kún: èwo ni ó le níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé máàpù kì í tún afárá ṣe. Ṣùgbọ́n máàpù tí ó ka gbogbo afárá tí ó ti sán jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ìjọba kò lè ní òun kò gbọ́. Ọ̀nà sì lè yí padà: lẹ́yìn 2019 ni wọ́n tún títì Mónìyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65. Nítorí náà, ọdọọdún ni kí a máa tún máàpù náà yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn tí ẹ wà láàrin wa, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ dé gáréèjì. Ẹ kí àwọn bàbá tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀. Ẹ mú ìwé àti gègé dání, kí ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.