Ọjọ́ Orí Ilé àti Ọjọ́ Orí Ìwé

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tún fi ọdún kan lé ọjọ́ orí mi. Ìyàwó mi se ìrẹsì, àwọn ọmọ kíláàsì mi kọrin fún mi, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi sì bi mí léèrè pé, "Ọ̀gá, ọmọ ọdún mélòó lẹ pé gan-an?" Mo sọ ọ́ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ti ilé nìyẹn, àbí ti ìwé?" Gbogbo àwa tí a jókòó ni a jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí èmi náà di ẹni tí ó ní ọjọ́ orí méjì. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu iyì kún mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2022, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n pé ọmọ ọdún 33. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Kétu fún ọdún bíi mélòó kan, owó oṣù kì í sì í bá mi dé ìparí oṣù. Iṣẹ́ kan wá jáde tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo ń gbà. Gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè ni mo ní, àfi ẹyọ kan: wọn kò fẹ́ ẹni tí ó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ojúlùmọ̀ mi kan ní, "Ṣé nítorí ọdún mẹ́ta péré ni oúnjẹ yóò fi bọ́ lẹ́nu rẹ? Lọ sí ọgbà ilé-ẹjọ́, àwọn tí ń tẹ ìwé ìbúra ń bẹ lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwọ ti di ọmọ ọgbọ̀n ọdún." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo fi owó sínú àpòòwé, mo kọ "Ọjọ́ Ẹtì" sí i lára, mo sì tì í sábẹ́ ìwé nínú àpótí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé láti ọjọ́ kẹrin oṣù náà, kí wọ́n dí láìnì ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní NIN. Wọ́n lè pe onítọ̀hún, ṣùgbọ́n òun kò ní lè pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Máìlì 12, ẹ kò ní tíì gbàgbé.

Ìyá alátà kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan. Tòmátò àti tàtàṣé tí ń ti Òkè Ọya wá ni ó ń tà. Orí fóònù ni ó ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kano àti Zaria ṣe àdéhùn, orí fóònù náà ni ó sì ti ń wá awakọ̀ tírélà lóru láti mọ ibi tí ẹrù dé. Tòmátò kò mọ àwíjàre. Bí apẹ̀rẹ̀ bá pẹ́ ní ojúmọ́ kan péré, omi ni yóò máa ti ìdí rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti lọ síbi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà náà. Wọ́n bi í ní ọjọ́ tí a bí i, kò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí ó mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tí ó bá wù ú, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ráyè.

Ìyá náà ní, "Tíṣà, wọ́n ní kí n mú èyí tó bá wù mí! Ṣé aṣọ ni ọjọ́ ìbí, tí èèyàn ń yàn lórí àtẹ? Ẹ̀yin ni ẹ kàwé, ẹ bá mi wá tèmi rí."

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ń ra ẹrù ọ̀kẹ́ àìmọye náírà kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àwọn bàbá wa kì í ka ọdún bí ẹni ń ka owó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí i. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, tí Kétu àti Ìkòsí ṣì wà lábẹ́ ìjọba náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Kí ni àwọn olùkọ́ ṣe? Wọ́n ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá láti àárín orí lọ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ jẹ ẹ̀kọ sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àti adájọ́ ni ó gba ọ̀nà etí yìí wọ ilé-ìwé.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá náà léèrè bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Ó ní ayé Gówọ́ọ̀nù ni wọ́n bí òun. Ayé Gówọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ó parí ní 1975. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo ní, "Ṣé ogun abẹ́lé ti parí?" Ó ní ó ti parí, nítorí ìgbà tí bàbá òun ti ojú ogun dé ni ó gbé ìyá òun níyàwó. Oṣù kìíní 1970 ni ogun parí. Mo ní, "Owó wo ni wọ́n ń ná nígbà ìkómọjáde yín?" Ó rántí pé ìyá òun a máa sọ pé ṣílè ni wọ́n fi ṣe òun ní ẹbùn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. A ti wá ká a mọ́ àárín ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ọdún wo? Iléyá ni, àbí Kérésìmesì?

Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé ní Ìkòròdú. Fóònù tèmi ni a fi pè é. Ohùn màmá àgbà náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó ní, "Ọjọ́ ọdún Àjíǹde ni. Ìrọbí mú ìyá rẹ láàárọ̀. Bàbá rẹ sáré jáde lọ wá ọkọ̀, kò rí i bọ̀rọ̀. Gbogbo awakọ̀ ló ń bẹ̀rù, wọ́n ń rìn bí ìgbín, nítorí pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Kí wọ́n tó dé ilé ìgbẹ̀bí, o ti fẹ́ yọjú."

Mo fò sókè níbi tí mo jókòó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rin apá ọ̀tún ní Nàìjíríà kò farasin: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni. Mo yẹ kàlẹ́ńdà ọdún náà wò, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni lóòótọ́. Mo wí fún un pé, "Ìyá, ẹ kú oríire. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a bí yín. Ní Sátidé tó kọjá yìí ni ẹ pé ọmọ àádọ́ta ọdún."

Kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àádọ́ta! Ní Sátidé yẹn, apẹ̀rẹ̀ ni mo ń rù. Ẹnikẹ́ni kò kí mi, èmi náà kò kí ara mi." Ó fi ìborí nu ojú. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà? Ìgbà wo ni a bí ẹ̀yin, kí n lè máa kí yín?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo dá a lóhùn kí n tó ronú: mo sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, bí bàbá mi ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi ni mo rántí àpòòwé tó wà nínú àpótí. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tirẹ̀ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá òtítọ́ kiri bí ẹni wá ọmọ tó sọnù. Èmi tí wọ́n kọ tèmi sílẹ̀ fún, mo fẹ́ san owó láti sọ ọ́ nù.

Èmi kò lọ sí ilé-ẹjọ́ ní ọjọ́ Ẹtì náà. N kò ní purọ́ fún yín pé kò dùn mí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Iṣẹ́ náà kọjá lọ, mo sì ń gun ọkọ̀ akérò lọ sí ẹnu iṣẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n mo fi kún owó inú àpòòwé náà, mo sì fi ra fọ́ọ̀mù láti tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ mi. Ìjánìkin ni mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́; ní ọdún 2022 yẹn kan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń sọ pé, "Ó di ọdún tó ń bọ̀." Nígbà tí n kò lè gé ọjọ́ orí mi kù mọ́, mo rí i pé n kò ní àkókò láti fi ṣòfò.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ kọ́ńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, odidi kọ́ńgò ni. Bí oníbàárà bá délé, ó di ẹ̀gún. Bí ẹni tó gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù ti rí nìyẹn, àfi pé òun fúnra rẹ̀ ni oníbàárà tí ó rẹ́ jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni a tún ń tìtorí rẹ̀ búra èké sí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin òbí, láti 1992 ni òfin ti pọn ọ́n ní dandan pé kí a forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dàgbà tán kí ó tó máa béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì.

Ìyá alátà gba nọ́ńbà rẹ̀, láìnì rẹ̀ là. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan. Ó ní ẹni tó ti pé àádọ́ta tó ẹni tí í kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi kọ́ nọ́ńbà. Èjì rẹ̀ a máa dojú kọ ẹ̀yìn bíi mọ́tò ayé àtijọ́. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún lè bá a jiyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí mi ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìyàwó mi tó jí, ẹnìkan ti fi ọ̀rá tòmátò kan há ilẹ̀kùn mi. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀. Ọjọ́, oṣù àti ọdún tí a bí mi ni a kọ sí i pẹ̀lú ọwọ́ tó wọ́, ó sì pé géérégé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.