Ohun Tí A Bò Gbọ́dọ̀ Máa Mí

ÌTỌ́JÚ ILÉ ÀTI OHUN ÌNÍ
Ẹ ka: Jẹ́nẹ́sísì 6:13-22, 8:6-13

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí òjò bá rí ni òjò ń pa. Ní Ìbàdàn wa yìí, láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀, àfi pé ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ̀ pọ̀ tí kò kúrò lójú kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, tí lítà kan tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 sì ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìdílé ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ èrò. Ti ẹlòmíràn, baálé ilé ni ó rìnrìn àjò. Àwọn ìjọ mìíràn sì ní bọ́ọ̀sì tí ó ń dúró de ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó wá tapólìn tàbí ọ̀rá ńlá, a ó fi di ọkọ̀ náà gírígírí títí dé ilẹ̀, a ó gbàdúrà sí i, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àga ti bu, ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún, eku ti jẹ wáyà. A ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá tí ó ṣe é. Ẹ̀yin ará, omi ni ó ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ ọkọ̀ tí a bò. Èkíní ń rọ̀ láti òkè, òun ni gbogbo wa mọ̀. Èkejì ń gòkè láti inú ilẹ̀ tútù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ti sé mọ́ inú ọkọ̀ kí a tó bò ó. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé bí a bá ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì, omi yóò máa kán láti abẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò da omi sí ìdérí náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni abẹ́ ọ̀rá ti rí. Oòrùn ọ̀sán a mú kí ọ̀rinrin gòkè, òtútù òru a sọ ọ́ di omi, a sì máa kán padà sórí ọkọ̀ lálaalẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ọkàn sí nǹkan márùn-ún wọ̀nyí.

1. Ibi tí a ó gbé e sí. Láti Mọlété dé Bẹẹrẹ, Màpó àti Ọjà'ba, ilé àtijọ́ pọ̀ tí kò ní gáráàjì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni a ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, nítorí omi tí ó rọ̀ sórí òrùlé ni yóò máa dà sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sórí koríko, tàbí sábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ń wọ́. Ẹ jìnnà sí etí odò. Ẹni tí ó bá rántí bí Ògùnpa ti kún ní 31 August 1980, àti àgbàrá 26 August 2011, mọ̀ pé kò sí tapólìn tí ó lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró.

2. Fífọ̀ àti gbígbẹ. Ẹ fọ ẹrẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ kúrò, nítorí ẹrẹ̀ a máa gba omi dúró. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹ kó gbogbo oúnjẹ àti bébà kúrò, kí eku má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Àwọn ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ gíláàsì iwájú tí omi ń gbà jáde. Ẹ yọ ewé tí ó dí wọn. Bí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn bá ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. A lè rí i rà ní ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate.

3. Ìdúró ọkọ̀. Ẹ fẹ́ táyà dáadáa, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi há a níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má ṣe fa bíréèkì ọwọ́ sókè fún oṣù púpọ̀, nítorí ọ̀rinrin lè mú kí ó lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti di táyà mú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tàbí riwáyà tú orí bátìrì.

4. Bíbò. Ẹ fi ọparun tàbí pákó ṣe òpó, kí tapólìn lè dà bí òrùlé, kí ó ga láàárín, kí ó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi yóò dúró lórí rẹ̀. Omi tí ó fẹ̀ ní mítà kan lọ́nà gbogbo, tí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, wọn 100 kílò, èyí jẹ́ ìwọ̀n àpò ìrẹsì ńlá méjì! Ẹ fi fóòmù bo orí igi tí ó bá mú, kí ó má baà lu tapólìn. Ẹ so okùn rẹ̀ le, nítorí tapólìn tí atẹ́gùn bá ń nà mọ́ ọkọ̀ yóò bó ọ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dì í dé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní ilé onítáyà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ nígbà ìsinmi. Nígbà òtútù, aṣọ tí ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde ni àwọn tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ fi ń bò ó. Wọn kì í fi ọ̀rá dì í.

5. Ṣíṣí. Nígbà tí oòrùn bá ràn láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ká tapólìn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ẹ da omi tí ó bá dúró nù, nítorí láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀fọn lè pa ọmọ níbẹ̀. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí tapólìn ṣì wà lórí ọkọ̀. Èéfín rẹ̀ ń pani bíi ti jẹnẹrétọ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ rèé. Ní oṣù December ọdún 2021, ọmọ mẹ́jọ ni a bá ní òkú nínú ọkọ̀ kan tí a pa tì ní Badagry. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ibi ìsápamọ́. Ọkọ̀ tí a bò jẹ́ ibi tí ojú àgbà kò tó. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àti but ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Ẹ ka àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ́ wọn pé ọkọ̀ kì í ṣe ibi eré.

Ẹ wo Nóà. Ọlọ́run tí ó ní kí ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ nínú àti lóde ni ó ní kí ó ṣe fèrèsé sí i. Nígbà tí ó tó àkókò, Nóà ṣí fèrèsé náà, lẹ́yìn náà ó ṣí ìbòrí ọkọ̀, ó sì wo ìta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ọ̀rá di nǹkan nínú ilé wa: gbèsè tí ọkọ kò sọ fún aya, ìbínú tí aya gbé pamọ́ láti ọdún méjì, ìwà ọmọ tí ìyá ń bò fún bàbá. Lóde, ó ń dán. Lábẹ́, ó ń bu. Ìfẹ́ a máa bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí 1 Pétérù 4:8 ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n Òwe 28:13 kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣèlérí àánú fún ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Bí oòrùn bá ràn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jáde lọ ká tapólìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n sì ṣí èyí tí ó wà láàárín wọn.

Kí Olúwa pa ilé wa, ọmọ wa àti ohun ìní wa mọ́ nínú òjò ọdún yìí. Àmín.