Ọmọ Ifangni Náà Yẹ Kó Ní Ibi Ìṣeré

Bí ọdún Kérésì tàbí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọdé máa ń bi òbí wọn ní Ifangni: "Níbo ni a ó lọ ní ọdún yìí?" Òbí tí ó ní owó lọ́wọ́ a kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọ̀nú. Ẹlòmíràn a gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ sí Èkó. Òbí tí kò ní owó a wọ aṣọ tuntun fún ọmọ, ọmọ náà a sì máa rìn lọ rìn bọ̀ ní etí títì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù àti zémìjàn ti ń sáré kọjá. Èyí kò dára tó. Ó yẹ kí kọ́múnù Ifangni ní ibi ìṣeré tirẹ̀, kò sì di dandan kí ó jẹ́ ibi olówó ńlá.

Irú ibi wo ni àwọn ọgbà ìṣeré ńlá tí àwọn ènìyàn ń ròyìn? Ọgbà tí a yí ká ni, ènìyàn a sì san owó ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Ẹṣin onígi tí ń yí po wà nínú rẹ̀. Àgbá kẹ̀kẹ́ gíga wà níbẹ̀, tí ń gbé ènìyàn lọ sókè tí ó sì ń gbé e padà wálẹ̀. Oúnjẹ oríṣiríṣi wà fún títà. Ọgbà Tivoli ní ìlú Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì, ti wà láti ọdún 1843, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1955, Walt Disney ṣí ọgbà tirẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1982, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣí òmíràn ní Florida, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EPCOT. Níbẹ̀, a kọ́ ilé orílẹ̀-èdè mọ́kànlá yí adágún omi kan ká. Ènìyàn lè jẹ oúnjẹ Mẹ́síkò, kí ó jẹ ti Ṣáínà, kí ó sì jẹ ti Japáànù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láìjáde kúrò nínú ọgbà.

Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nínú mọ́kànlá náà, ẹyọ kan péré ni ti ilẹ̀ Áfíríkà: Mòrókò, tí wọ́n fi kún un ní ọdún 1984. Kò sí Bẹ̀nẹ̀, kò sí Nàìjíríà, kò sí Tógò. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ẹlòmíràn bá òun gbé ìkòkò ọbẹ̀ òun wá sí àárín agbo yóò dúró pẹ́.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1893, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni George Ferris ti gbé àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ kalẹ̀, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 80. Ní agbègbè ìgbafẹ́ kan náà, wọ́n kọ́ abúlé kan tí wọ́n pè ní abúlé Dahomey. Wọ́n kó ọkùnrin àti obìnrin aláwọ̀ dúdú sínú rẹ̀, kí àwọn àlejò máa wá wò wọ́n. Ní àkókò yẹn gan-an, ogun láàrin ọba Béhanzin àti àwọn Faransé kò tíì parí. Bí àwọn kan ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn di ìran àpéwò. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ náà ni ó jẹ̀bi. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni pé: ta ni ó ni ọgbà, ta ni ó ń sọ ìtàn, ta sì ni wọ́n kàn ń wò?

Ní ti oúnjẹ, Ifangni kò ní láti yá ti ẹnikẹ́ni. Etí ibodè ni ó wà. Ní agbègbè yìí, gàrí àti ẹ̀bà wà, àkàsà wà, àmàlà wà. Ìrẹsì alẹ́wà wà, àbọ̀lọ̀ wà. Wàrà àwọn Fúlàní àti sùyà àwọn Haúsá kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì gígùn tí àwọn Faransé fi sílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn ìlú etí ibodè mọ̀ ọ́n lára. Oúnjẹ tí ń ré ibodè kọjá ń so ènìyàn pọ̀. Bí Nàgó, Gùn, Tọ̀rì àti Haúsá bá gbé ìkòkò wọn jáde ní ọjọ́ kan náà, ní ibi kan náà, ìpàdé oúnjẹ àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé omi, ọ̀nà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé kì í ṣe ọ̀tá omi tàbí ilé ìwé. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1989, tí Bẹ̀nẹ̀ sì tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1990, sọ nínú abala 31 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Nínú eré ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń pa òfin mọ́, bí a ti ń dúró de ẹlòmíràn, àti bí a ti ń gba àdánù láìjà.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: ilẹ̀ títẹ́jú, igi tí ó ní ibòji, yanrìn, jáńgírọ́fà tí a so dáadáa, omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́. Ayò, òkòtó àti bojúbojú kò ní owó orí. Bí ẹ̀rọ ìṣeré bá dé lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, nítorí irin tí ó ti dípẹtà lè pa ọmọ. Kí owó ẹnu ọ̀nà jẹ́ èyí tí ìyá alátà lè san. Kí a sì yan ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọgbọ́n. Ní Ìbàdàn, omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 ba ọgbà Agodi jẹ́, ìjọba sì ní láti tún un ṣe.

Ìgbìmọ̀ kọ́múnù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Arọ́ńdísímà mẹ́fà ni ó wà ní Ifangni. Kí a ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì gbin igi yí i ká. Àwọn òbí náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n béèrè fún un ní ìpàdé, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ó bá dé. Kí a má ṣe fi í di ọjọ́ mìíràn. Jáńgírọ́fà tí ó já ṣeé so padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bá ti tà tán kì í padà.