Ẹ Má Jẹ́ Kó Kúnlẹ̀ Kí Yín

Ọmọbìnrin Yorùbá tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, a ó ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ìkúnlẹ̀ lè dá ènìyàn padà sí ilé ìwòsàn.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìkòsì, tòmátì ló ń tà ní ọjà Mile 12. Ìgbáròkó rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìsọkún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí i kú ewu. Kò pẹ́ ni bàbá onílé wọlé. Ìyá di irin tó fi ń rìn mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ fò dìde, ó gbá a mú: "Màámi, ẹ má kúnlẹ̀ o!"

Bàbá fajú ro. "Ṣé ilé ìwòsàn ló ní kí ìyá rẹ má kí àgbà mọ́?"

Ọmọ náà kò jẹ̀bi rárá. Orí eegun itan a máa yí nínú ihò rẹ̀ bí orí ọmọ odó nínú odó. Bí ọjọ́ orí, ìṣubú, tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bá bà á jẹ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ a gé e kúrò, wọn a fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Dókítà John Charnley ló la ọ̀nà irú iṣẹ́ yìí ní Ìlú Ọba ní 1962. Níhìn-ín, ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní 1945, wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú.

Ẹran ara ló ń di orí irin náà mú, ó sì ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó jinná. Bí aláìsàn bá tẹ̀ jù, tàbí tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, orí náà lè yọ kúrò ní ihò rẹ̀. Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń kìlọ̀ pé kí orúnkún má ga ju ìgbáròkó lọ. Kò sí ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìlóṣòó ní ṣáláńgá, tàbí àpótí kúkúrú tí a fi ń ṣa tòmátì, títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun.

Ẹ má sọ fún un pé kó sùn kalẹ̀ títí. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣáájú. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún ni kó ṣáájú. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá fọwọ́ ra ìgbáròkó náà. Bí ẹsẹ̀ bá wú tó ń ro ó, bí mímí bá ṣòro, bí ojú egbò bá ń ṣọyún, tàbí tí ẹsẹ̀ kúrú lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Bàbá fúnra rẹ̀ fa àga gíga sún mọ́ ìyá. "Jókòó jàre, ìyá ọmọ. Mo ti gbọ́ kíkí rẹ."

Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.